Ẹ Má Fún Áàpù ní Pásíwọ́ọ̀dù Yín: Bó Ṣe Ń Gbàṣẹ Kó Tó Kó Fáìlì Lọ sórí Google Drive

Ayàwòrán ni àbúrò mi. Tó bá ti ibi ìnáwó dé lálẹ́ Sátidé, fọ́tò bíi 600 sí 800 ló máa ń wà nínú káàdì kámẹ́rà rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ò sì ju pé kí káàdì yẹn má lọ bà jẹ́ kí oníbàárà tó rí fọ́tò gbà. Mo bá a kọ áàpù kékeré kan tí yóò máa kó fọ́tò láti inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sórí Google Drive, àká fáìlì tí Google ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lóru, nígbà tí dátà ò wọ́n. Ọjọ́ tí mo fẹ́ gbé e lé e lọ́wọ́ ló bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò kàn jẹ́ kí n tẹ pásíwọ́ọ̀dù Gmail mi sínú ẹ̀, kó máa bá iṣẹ́ lọ? Kóòdù rèé, tókìnnì rèé, 'Allow' rèé. Kí ni gbogbo ẹ̀ wà fún?"

Ìbéèrè tó dáa ni. Ibí yìí gan-an ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, títí kan àwọn tó ti ń kọ áàpù fúnra wọn, nítorí náà mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ délẹ̀délẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí pásíwọ́ọ̀dù. Ti Gmail yín kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ Drive nìkan. Òun náà ló ṣí lẹ́tà yín, òun ló ṣí fọ́tò àwọn ọmọ yín àti nọ́ńbà gbogbo ará yín. Ilé iṣẹ́ yòówù tó bá ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí ímeèlì yín nígbà tí ẹ bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù tiwọn, ẹni tó bá ti ní ti Gmail yín lè wọ ibẹ̀ náà. Iṣẹ́ áàpù àbúrò mi ò sì ju pé kó kó fọ́tò sílẹ̀ kó máa lọ. Ẹni tó ń ru iṣu bọ̀ látoko kò nílò kọ́kọ́rọ́ yàrá ìyá ilé. Ilẹ̀kùn àká ni kí wọ́n ṣí fún un.

Ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀. Tí áàpù bá máa ṣiṣẹ́ lóru tí ẹ ti sùn, ó ní láti tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù yẹn síbì kan nínú kọ̀ǹpútà, níbi tó ti lè kà á. Ohun tí áàpù bá sì lè kà, ẹni tó jí kọ̀ǹpútà náà lè kà á. Tí ẹ bá wá fẹ́ lé áàpù yẹn lọ, àfi kí ẹ pa pásíwọ́ọ̀dù dà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ tuntun sínú fóònù àti kọ̀ǹpútà tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí áàpù kan ṣoṣo.

Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà kan. Áàpù á ní kí ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù ibòmíràn fún òun, ẹ óò sì tẹ̀ ẹ́. Ní 2007 ni àwọn tó ń kọ áàpù gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní OAuth, kí àṣà yẹn lè kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀dà kejì rẹ̀, OAuth 2.0, jáde ní oṣù kẹwàá 2012, òun ni Google, Dropbox àti Microsoft sì ń lò lónìí. Láti 30 oṣù karùn-ún 2022, Google ò gbà mọ́ kí áàpù ẹlòmíràn fi orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù nìkan wọlé sórí àkáǹtì yín. Nítorí náà, bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ ṣe ohun tí àbúrò mi ní kí n ṣe, ọ̀nà ibẹ̀ ti dí.

Ọgbọ́n tó wà nínú OAuth ò ṣàjèjì sí wa rárá. Tí ọba bá rán ìránṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, kì í ṣí adé fún un. Ọ̀pá rẹ̀ ni yóò fún un mú dání, tàbí àmì mìíràn tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọba náà. Ẹni tó bá rí ọ̀pá yẹn mọ̀ pé ọba ló rán ẹni tó dúró níwájú òun, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ọba ló dé. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní tókìnnì nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ń ra iná sí mítà ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀: nọ́ńbà 20 tí ẹ ń tẹ̀ sí mítà ń jẹ́ tókìnnì, mítà yín nìkan ló sì wà fún. Ẹ gbé e lọ sí ti aládùúgbò, kò ní gbà á.

Ohun tó ń da èèyàn rú jù ni pé ìbéèrè méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì jọra wọn létí. Ọ̀kan ni "Ta nìyẹn?" Èkejì ni "Kí ni wọ́n ní kó ṣe?" Ẹni tó dáhùn ọ̀kan ò tíì dáhùn èkejì. Èèyàn méjì ni wọ́n sì ń bi ní "Ta nìyẹn?": wọ́n ń bi áàpù, wọ́n tún ń bi ẹ̀yin tí ẹ ni àkáǹtì. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń lọ.

Áàpù ló kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Ẹni tó kọ ọ́ ni yóò lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Google Cloud Console, ojúlé Google fún àwọn tó ń kọ áàpù. Yóò dá project kan, ìyẹn àyè iṣẹ́ áàpù náà, sílẹ̀ níbẹ̀, yóò tan Drive API, ọ̀nà tí áàpù ń gbà bá Drive sọ̀rọ̀, yóò sì kọ orúkọ tí àwọn èèyàn máa rí nígbà tí áàpù bá ń tọrọ àṣẹ. Google á wá fún un ní client ID, ọ̀rọ̀ gígùn kan tó parí sí .apps.googleusercontent.com, àti client secret, àṣírí tó yẹ kó wà láàárín áàpù àti Google nìkan. Mo ní "tó yẹ" nítorí pé áàpù tó bá ti wà nínú kọ̀ǹpútà oníbàárà ò lè pa àṣírí kankan mọ́. Ẹni tó bá tú u wò á rí i.

Ó wá kan ẹ̀yin. Áàpù á ṣí aṣàwákiri yín, bóyá Chrome tàbí Firefox, á gbé yín lọ sí accounts.google.com. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa tẹ pásíwọ́ọ̀dù, lọ́dọ̀ Google fúnra rẹ̀. Áàpù ò sí níbẹ̀, kò sì rí ohun tí ẹ tẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo àdírẹ́sì tó wà lókè yẹn dáadáa kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Tí áàpù bá gbé fèrèsé tirẹ̀ síwájú yín, tó ní kí ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù Google sínú rẹ̀, ẹ pa á dé kíá. Lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé tán, Google á sọ fún yín pé áàpù báyìí fẹ́ ṣe báyìí báyìí lórí àkáǹtì yín, ṣé kó ṣe é?

Tí ẹ bá tẹ "Allow", ìyẹn pé ẹ gbà, áàpù ò ní rí tókìnnì gbà lójú ẹsẹ̀. Kóòdù kékeré kan ni Google máa kọ́kọ́ fún aṣàwákiri yín kó gbé e fún áàpù. Áàpù á wá mú kóòdù náà, á bá Google sọ̀rọ̀ ní tààrà láìgba ọ̀dọ̀ aṣàwákiri: "Kóòdù rèé, orúkọ mi rèé, ẹ fún mi ní tókìnnì." Kí ló fa lílọ bíbọ̀ yìí? Aṣàwákiri dà bí ojú ọjà. Ohun tó bá gba ojú àdírẹ́sì kọjá ń dúró sínú ìtàn ibi tí ẹ ti lọ, àwọn nǹkan tí ẹ fi kún Chrome sì lè rí i. Kóòdù yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́, kì í sì í pẹ́ kú. Láti 2015 wọ́n tún ti fi ọgbọ́n kan kún un tí wọ́n ń pè ní PKCE: kí áàpù tó ṣí aṣàwákiri rárá, á ronú ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ kan fún ọjọ́ yẹn, á fi òjìji ọ̀rọ̀ náà, tí ẹnikẹ́ni ò lè fi mọ ọ̀rọ̀ gan-an, ránṣẹ́ sí Google ṣíwájú, tó bá wá mú kóòdù dé, á mú ọ̀rọ̀ náà gan-an wá pẹ̀lú rẹ̀. Olè tó já kóòdù gbà lọ́nà ò mọ ọ̀rọ̀ yẹn, kóòdù ọwọ́ rẹ̀ á sì di òfo.

Ibi tí kóòdù máa balẹ̀ sí náà, ẹ gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ fún Google tẹ́lẹ̀. Redirect URI ni wọ́n ń pè é. Ìrọ̀lẹ́ kan gbáko ni mo fi wá ohun tó fa àṣìṣe redirect_uri_mismatch, ìyẹn pé àdírẹ́sì tí áàpù mú wá ò bá èyí tí mo kọ sílẹ̀ mu. Nígbà tí mo forúkọ áàpù sílẹ̀, irú ti Web application ni mo yàn, mo sì kọ http://localhost:8080 (ìyẹn inú kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀) sínú Console, ṣùgbọ́n http://localhost:8080/ ni áàpù ń fi ránṣẹ́. Ẹ tún un wò: ìlà wínníwínní kan ló wà ní ìparí èkejì. Google ò gbà, ó sì tọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé "ó jọ ọ́" ti tó, olè á kọ àdírẹ́sì tó jọ tiyín, kóòdù yín á sì balẹ̀ sílé rẹ̀.

Tókìnnì dé wàyí. Ti Google máa ń fi ya29 bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹpẹtẹ á sì tẹ̀ lé e. Ní gbogbo ìgbà tí áàpù bá fẹ́ gbé fọ́tò kan lọ, á kọ ìlà kan sórí ẹrù náà:

Authorization: Bearer ya29...

Ọ̀rọ̀ àárín yẹn ni kí ẹ dúró lé lórí. Bearer túmọ̀ sí ẹni tó bá mú un dání. Google ò tún ní béèrè bóyá ẹ̀yin ni tàbí ẹlòmíràn. Ọwọ́ tó bá ti wà ló ń ṣiṣẹ́ fún, gẹ́gẹ́ bí owó náírà ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ fi tókìnnì ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé kí ẹnì kan bá yín wò ó. Ẹ ò sì gbọdọ̀ kó fáìlì tó wà nínú rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ yín lọ sórí GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ áàpù ń kó iṣẹ́ wọn sí, nítorí àwọn kan ti kọ áàpù tó ń jí tó ń sùn síbẹ̀ láti máa ṣa irú rẹ̀.

Torí pé ó léwu tó báyìí, wọn ò jẹ́ kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Wákàtí kan péré ni tókìnnì Google ń lò láyé. Ẹni tó bá jí i ní aago méjì òru, tó bá fi máa di aago mẹ́ta, nǹkan tó jí ti kú sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fọ́tò 800 lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa lè ju wákàtí kan lọ, a ò sì lè máa jí àbúrò mi ní gbogbo wákàtí kó wá tẹ "Allow". Nítorí èyí ni Google fi ń fún áàpù ní èkejì, refresh token, tó bá sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀ pé òun á máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn onílé. Èyí kì í bá ẹrù rìn. Ilé ló ń gbé, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ní: láti lọ gba tókìnnì wákàtí kan tuntun wá nígbà tí ti àtijọ́ bá kú. Ó lè pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n òun náà lè kú. Tí ẹ bá gba àṣẹ yín padà, ó kú. Tí oṣù mẹ́fà bá kọjá láìlò ó, ó kú. Ọ̀nà ikú rẹ̀ kan tún wà, òun ló sì dùn mí jù.

Áàpù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ipò ìdánwò ló máa kọ́kọ́ wà, Testing ni wọ́n ń kọ sí i. Tó bá wà nípò yẹn, ọjọ́ 7 péré ni refresh token rẹ̀ ń lò. Ó wà nínú ìwé ìlànà, mo sì ti kà á rí, àmọ́ mo gbé áàpù fún àbúrò mi láìyí ipò yẹn padà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, fọ́tò ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọjọ́ kẹjọ, áàpù lọ gba tókìnnì tuntun, wọ́n dá a lóhùn pé invalid_grant, ìyẹn pé àṣẹ ọwọ́ rẹ̀ ti kú, ó kọ ọ́ sínú fáìlì kan tí ẹnikẹ́ni ò ṣí wò, ó sì dákẹ́. Àbúrò mi ń nu káàdì rẹ̀ lọ, ó gbà pé fọ́tò ti wà lókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkùnrin kan wá gba fọ́tò ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀, ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 80 ọdún. Kò sí nǹkan kan lórí Drive. Fọ́tò 11 tí àbúrò mi fi fóònù yà láti fi han àwọn èèyàn lórí status rẹ̀ nìkan ló kù nínú gbogbo ìnáwó ọjọ́ yẹn. Ẹ̀bi mi ni, mo sì bá a lọ bẹ ọkùnrin náà.

Mo ti yí ipò rẹ̀ sí In production báyìí. Èyí tí mo tún kà sí pàtàkì jùyẹn lọ ni pé ní àràárọ̀, áàpù ń fi iye fọ́tò tó kó lọ lóru ránṣẹ́ sí fóònù àbúrò mi. Tí Google bá sì lé e padà, ó ń ké gbàjarè. Áàpù tó pàdánù àṣẹ tó sì dákẹ́ léwu ju èyí tí kò ṣiṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ lọ, torí ọkàn yín ti balẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè kejì, kí ni wọ́n ní kó ṣe? Scope, ìyẹn ìwọ̀n àṣẹ, ló ń dáhùn ìyẹn. Áàpù lè tọrọ èyí tó ń jẹ́ drive, tó fi lè rí gbogbo fáìlì yín, kó tún un ṣe, kó sì pa á rẹ́, títí kan èyí tí ẹ ti gbé síbẹ̀ kó tó dé. Ó sì lè tọrọ drive.file, tó jẹ́ pé fáìlì tí òun fúnra rẹ̀ gbé wá, tàbí èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín yàn fún un, nìkan ló máa rí. Lórí ojú ìwé àṣẹ, gbólóhùn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn: ti àkọ́kọ́ ń sọ pé "all of your Google Drive files", ti èkejì ń sọ pé "only the specific Google Drive files you use with this app". Ìyàtọ̀ gbogbo ilé sí igun àká kan ló wà nínú ọ̀rọ̀ all àti only yẹn, àwọn èèyàn sì ń sáré tẹ "Allow" kọjá lára rẹ̀. Fún áàpù tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó kó fáìlì lọ, drive.file ti tó. Ó sì rọ ẹni tó kọ áàpù lọ́rùn, nítorí ẹni tó bá tọrọ gbogbo Drive, Google máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò fínnífínní kó tó jẹ́ kó fún gbogbo ayé lò.

Ó ní ibi tó ti ń múni rò pé nǹkan ti bà jẹ́. Àbúrò mi fọwọ́ ara rẹ̀ dá fódà kan sórí Drive, ó pè é ní Ìnáwó, ó ní kí áàpù máa kó fọ́tò síbẹ̀. Áàpù dáhùn pé 404, fódà náà ò sí. Ó sì ń wo fódà yẹn kòròkòrò! Lójú áàpù, kò sí lóòótọ́: kì í ṣe òun ló dá a, ẹnikẹ́ni ò sì fi hàn án. A jẹ́ kí áàpù dá fódà tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Tó bá jẹ́ 401 ni ẹ rí, tókìnnì ló ti kú tàbí ló bà jẹ́: "Mi ò mọ̀ ọ́." Tó bá jẹ́ 403, wọ́n mọ̀ ọ́n, àmọ́ ohun tó béèrè kọjá àṣẹ rẹ̀, tàbí ó ti béèrè jù láàárín àkókò díẹ̀.

Àwọn kan á ti máa sọ lọ́kàn pé service account ni kí n bá lò. Àkáǹtì tí kò ní èèyàn lẹ́yìn ni, ó ní ímeèlì tirẹ̀ àti fáìlì kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kì í sì í béèrè kí ẹnikẹ́ni tẹ "Allow". Fún iṣẹ́ inú ọ́fíìsì tó ní shared drive, ìyẹn Drive tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò, ó dáa. Fún ẹni tó ní Gmail lásán, kò ní bá a dé ibi tó ń lọ: ẹni tó gbé fáìlì wá ni fáìlì ń jẹ́ tirẹ̀, service account ò sì ní àyè ìpamọ́ kankan lórí Drive. Bí ẹ bá tiẹ̀ ṣí fódà yín fún un, wọ́n á lé ẹrù rẹ̀ padà pé kò sí àyè. Ọ̀pọ̀ àlàyé àtijọ́ ṣì ń darí àwọn èèyàn síbẹ̀.

Àká mìíràn, ìlànà mìíràn. Amazon S3, àká fáìlì ti Amazon, tó ti wà láti oṣù kẹta 2006, kì í ní kí áàpù mú tókìnnì bẹ́ẹ̀ dání. Àṣírí kan ló ń fún áàpù tọ́jú, áàpù ò sì ní fi àṣírí náà ránṣẹ́ láéláé. Ó kàn ń fi í fọwọ́ sí ẹrù kọ̀ọ̀kan. Amazon náà ní irú rẹ̀ lọ́wọ́, á ṣírò ìfọwọ́sí ọ̀hún fúnra rẹ̀, tó bá bára mu, ẹrù wọlé. Ohun tó wù mí nínú ti S3 ni pé áàpù lè fọwọ́ sí líǹkì kan ṣáájú, kó fún oníbàárà tí kò ní àkáǹtì rárá, pé fáìlì kan báyìí ni kó gbé wá, síbí báyìí, kí àkókò báyìí tó kọjá. Ọjọ́ 7 ni irú líǹkì bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ jù.

Láìpẹ́ yìí, mo ní kí àbúrò mi ṣí myaccount.google.com/permissions, ojú ìwé tó ń fi àwọn áàpù tí èèyàn ti fún láṣẹ hàn, lórí fóònù rẹ̀. Áàpù 14 ló bá níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ géèmù tó ti pa rẹ́ lórí fóònù rẹ̀ tipẹ́. Òmíràn ló lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti sọ fáìlì di PDF, àṣẹ gbogbo Drive rẹ̀ sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ àwọn méjèèjì. Ìgbà tó dé orí tiwa, ó wojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá yọ èyí náà ńkọ́?" Mo ní kó yọ ọ́. Gbogbo fọ́tò tó ti wà nínú fódà dúró síbi tí wọ́n wà, pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ò yí padà, fóònù rẹ̀ ò sì jáde kúrò lórí àkáǹtì. Áàpù nìkan ló padà wá lóru láti gba tókìnnì tuntun, tí wọn ò sì dá a mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.